Àgò Onílé: Àyẹ̀wò Àwo Orin tí a fi Ránṣẹ́ sí Ojú Ọ̀run

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù." Ìdí méjì ni mo ṣe fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Èkínní ni pé ó fi hàn gbangba pé ojú ọ̀run kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Wọ́n ti tẹjú mọ́ ìràwọ̀ títí wọ́n fi mọ èyí tí ó máa ń sún mọ́ òṣùpá, wọ́n sì ti sọ ohun tí wọ́n rí lókè di ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀. Èkejì ni pé òwe náà ń bá àṣìmọ̀ wí. Ó ń bá ẹni tí ó rí ohun tí ó dá dúró ní ipò tirẹ̀ wí, nítorí pé ó yára sọ ọ́ di ọmọ ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé yóò rí i, kí ọ̀rọ̀ mi tó parí, pé irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ṣe é.

Láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti ń gbójú sókè ni ojú ọ̀run ti ń bí iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 1865, Jules Verne, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ìtàn àròsọ nípa àwọn ènìyàn tí a fi ìbọn ńlá yìn lọ sí òṣùpá. Ní ọdún 1902, ará ilẹ̀ rẹ̀, Georges Méliès, ṣe sinimá nípa irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, nínú èyí tí ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ti gún òṣùpá lójú. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ kan tí àìsàn ti ba etí rẹ̀ jẹ́ láti kékeré, ka ìwé Verne, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò bí ènìyàn ṣe lè fi ayé sílẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ òṣùpá. Báyìí ni àlá ṣe máa ń ṣáájú, tí irin sì ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ìwé àti sinimá wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé ará ayé ni ó ń bá ará ayé sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn. Pápá eré lásán ni wọ́n fi ojú ọ̀run ṣe. Iṣẹ́ ọnà tí a dìídì ṣe fún ojú ọ̀run fúnra rẹ̀, tí a gbé lé ọkọ̀, tí a sì ní kí ó máa lọ bá ẹni tí a kò mọ̀ rí, kò pọ̀. Èyí tí ó kún jù lọ nínú wọn ni àwo orin oníwúrà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sí ara ọkọ̀ Voyager méjèèjì ní ọdún 1977.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni a yin Voyager 2. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni Voyager 1 tẹ̀lé e. Iṣẹ́ tí a rán wọn gan-an ni kí wọ́n lọ wo Jupiter àti Saturn, kí wọ́n sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mọ̀ pé bí ọkọ̀ wọ̀nyí bá ti kọjá ibẹ̀, wọn kò ní padà mọ́. Wọn ó máa lọ láàárín àwọn ìràwọ̀ láìdúró. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ NASA ṣe fa ọ̀rọ̀ lé Carl Sagan lọ́wọ́, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ní Yunifásítì Cornell, pé kí ó kó iṣẹ́ tí a ó fi rán wọn jọ. Ó pe Frank Drake, Ann Druyan, Timothy Ferris, Jon Lomberg àti Linda Salzman Sagan mọ́ra. Àkókò tí wọ́n ní kò tó ọdún kan. Ohun tí wọ́n ṣe ni àwo bàbà tí a fi wúrà bò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12, tí abẹ́rẹ́ tí a ó fi lù ú sì bá a lọ. Ohun tí ó lé ní 100 àwòrán wà lára rẹ̀, àti ìkíni ní èdè 55, àti ariwo ayé: àrá, òjò, ẹyẹ, ajá, ẹkún ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni orin 27, tí gbogbo wọn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90.

Orúkọ wo ni kí a pe irú iṣẹ́ ọnà yìí? Àwọn kan ti fi í wé lẹ́tà tí a kì sínú ìgò tí a sì jù sínú òkun. Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, Yorùbá ní orúkọ tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrokò ni. Nígbà tí ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ó wà nílé ni a fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lájò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ̀fà náà ń sọ pé ọkàn òun fà sí i; bí ọ̀dọ́mọbìnrin bá sì so mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ náà ń sọ pé àwọn méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan. Ìránṣẹ́ tí ó gbé àrokò lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí ó gbé, gẹ́gẹ́ bí irin Voyager kò ti mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a sì fi ń mọ àrokò tí ó pé: kí ó yé ẹni tí a rán an sí, kí a dì í ní dídì tí ó wuyì, kí orúkọ ẹni tí ó rán an má sì ṣòro láti mọ̀. Òye, ẹwà, àti òótọ́ nípa ẹni tí ó fi ránṣẹ́: òṣùwọ̀n mẹ́ta yìí ni n ó fi wọn àwo náà.

Ní ti òye, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Owó ẹyọ mẹ́fà kò lè sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, nítorí inú ìró ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ fara pa mọ́ sí. Kí ni kí a wá fi pàrokò sí ẹni tí a kò bá pín èdè kankan, tí a kò bá pín ọjọ́, oúnjẹ tàbí afẹ́fẹ́? Àwọn tí ó ṣe àwo náà wá ohun tí kò sí ibi tí kò sí. Wọ́n ya háídírójìn sí ojú ọmọrí rẹ̀, èyí tí ó rọrùn jù, tí ó sì pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí a fi dá ayé àti ìràwọ̀. Ìyípadà kékeré kan tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ìwọ̀n àkókò. Láti júwe ilé wa, wọ́n ya ìlà láti ọ̀dọ̀ oòrùn wa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ 14 tí ìtànṣán wọn máa ń bù yẹ̀rì ní àkókò tí kì í yẹ̀, wọ́n sì kọ ìwọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bù yẹ̀rì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwa náà ti ń júwe ilé nìyẹn: a ó ní ó wà ní ẹ̀yìn ọjà, ní òdìkejì igi ìrókò, ní ọwọ́ ọ̀tún ilé alágbẹ̀dẹ. Wọ́n tún fi yùréníọ́ọ̀mù díẹ̀ kun ọmọrí náà, èyí tí ìdajì rẹ̀ yóò yí padà di nǹkan mìíràn láàárín nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 ọdún, kí ẹni tí ó bá rí i lè ṣírò iye ọdún tí àrokò náà ti wà lọ́nà. Mo ka èyí sí ewì. Ìdí ni pé iṣẹ́ akéwì ni láti wá ohun tí èmi àti ìwọ jọ mọ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ mú ọ lọ sí ibi tí èmi nìkan mọ̀.

Ní ti ẹwà, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe to orin. Bach ará Jámánì ni ó ṣáájú, pẹ̀lú fèrè àti ohun èlò olókùn tí ń lé ara wọn kiri. Kí etí tó gbàgbé rẹ̀, agogo idẹ àwọn ará Java ti dé. Lẹ́yìn agogo, ìlù láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn ìlù, orin àwọn ọmọbìnrin Mbuti ní igbó Kóńgò. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà. Ẹni tí ó to orin báyìí kò kó ti aláwọ̀ funfun sí ọ̀nà kan kí ó wá kó ìyókù sí ẹ̀yìn ilé. Ó jẹ́ kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn. Ìlù tí ó tẹ̀ lé agogo Java mú kí a gbọ́ pé agogo náà ń lu ìlù. Agogo tí ó tẹ̀ lé Bach mú kí a gbọ́ pé Bach náà ń yípo bí onísẹ́ agogo. Irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni a ń pè ní ọgbọ́n inú nínú iṣẹ́ àkójọ, kì í sì í ṣe gbogbo alákòójọ ni ó ní in.

Àríyànjiyàn wáyé nígbà tí wọ́n fẹ́ fi orin Chuck Berry, agìtá ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sí i. Alan Lomax, àgbà nínú àwọn tí ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, rò pé orin ọ̀dọ́langba ni. Sagan sì fèsì pé ọ̀dọ́langba pọ̀ láyé. Mo gbè sí ẹ̀yìn Sagan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àrokò tí ó ní òun ti ọ̀dọ̀ gbogbo ayé wá, tí kò sì sí ọmọdé nínú rẹ̀, irọ́ ni ó pa.

Ṣùgbọ́n ìparí àwo náà ni ó jinlẹ̀ jù lójú mi. Orin tí ó ṣe ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ni ti Blind Willie Johnson, afọ́jú kan láti Texas, aláwọ̀ dúdú, tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1927, tí ó sì kú ní tálákà ní ọdún 1945. Orúkọ orin rẹ̀ ń sọ nípa òkùnkùn alẹ́ àti ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú orin náà: ó kàn ń kùn lábẹ́ ọ̀fun ni, gìtá rẹ̀ sì ń bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin tí ó kẹ́yìn, ti Beethoven, tí ènìyàn mẹ́rin ń fi ohun èlò olókùn ṣe. Nígbà tí Beethoven kọ orin náà ní ọdún 1825, etí rẹ̀ ti di pátápátá. Afọ́jú kan àti adití kan ni a ní kí ó sọ gbólóhùn ìkẹyìn fún gbogbo ọmọ aráyé. Bóyá àwọn alákòójọ pète rẹ̀ ni, bóyá ọgbọ́n ọwọ́ ni ó darí wọn, èmi kò mọ ohun tí ó tún lè bá àrokò sínú òkùnkùn mu ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò gbọ́ràn ń pe ẹni tí àwa náà kò rí, tí a kò sì gbọ́.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí fajú ro ni ibi ìkíni. Èdè 55 kò kéré. Inú wọn ni a ti rí Súmérì, Ákádì àti Hítì, èdè tí àwọn tí ń sọ wọ́n ti dákẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, a rí Lùgáńdà, Nyanja, Ila, Sotho àti èdè àwọn Zulu. Kò sí ẹyọ kan láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: kò sí Yorùbá, kò sí Haúsá, kò sí Ígbò, kò sí Akan, kò sí Wolof. Àwọn tí ó ń kó ìkíni jọ kò ní ìkà nínú. Ní Cornell ni wọ́n ti gba èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lè rí ní àyíká wọn, nínú àkókò tí ó kúrú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kọ́: òkú èdè tí ó ní ọ̀mọ̀wé sàn lójú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ààyè èdè tí kò ní aṣojú nítòsí lọ.

Àdánù náà kì í ṣe ti iyì nìkan. Àdánù ọgbọ́n ọnà ni pẹ̀lú. Nínú èdè púpọ̀, ìkíni kan ṣoṣo tó fún gbogbo ìgbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tí ó lè kí ènìyàn láìkọ́kọ́ mọ ibi tí onítọ̀hún wà nínú ayé rẹ̀. Ṣé òwúrọ̀ ni tàbí alẹ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ni, tàbí ó jókòó? Ṣé ó jù mí lọ? Bí a bá ní kí Yorùbá kan kí ẹni tí ń gbé lẹ́bàá ìràwọ̀ mìíràn, yóò kọ́kọ́ ronú. Kò lè sọ pé "Ẹ káàárọ̀," nítorí kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ níbẹ̀. Kò lè sọ pé "Ẹ kú ìrìn," nítorí àrokò ni ó ń rìn, ẹni tí a ń kí ni ó jókòó sílé. Yóò fi "ẹ" kí i, kì í ṣe "o," nítorí kò mọ̀ bóyá àgbà ni, a kì í sì í fi àìmọ̀ rí àgbà fín. Nígbà tí ó bá ti yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, ohun tí ó kù fún un láti sọ ni, "Ẹ kú ilé o." Nínú ọ̀rọ̀ kúkurú yìí, ó ti sọ pé: èmi ni àlejò, ẹ̀yin ni onílé, ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ìkíni ní èdè Amoy, láti ilẹ̀ Ṣáínà, sún mọ́ irú èyí, nítorí ó bi àwọn ará ojú ọ̀run léèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ìkíni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ohun kan tí ó bá àṣà wa mu láìmọ̀: ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ Sagan fúnra rẹ̀, ni a fi kí wọn. Nílé wa, ọmọdé ni ó ń kọ́kọ́ kí àgbà.

Àwọn àwòrán náà ní àbùkù tiwọn. Àwọn alákòójọ pinnu pé àwọn kò ní fi ogun, òṣì àti àrùn hàn. Mo mọ ìdí rẹ̀: wọn kò fẹ́ kí ẹni tí ó bá rí i rò pé à ń halẹ̀ mọ́ òun. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi oríkì wa wò ó. Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe ìyìn lásán. Ó máa ń rántí ìjà tí ìdílé jà, gbèsè tí wọ́n jẹ, ohun ìtìjú tí baba ńlá kan ṣe, a ó sì máa fi í kí ọmọ wọn ní gbangba, orí ọmọ náà yóò sì wú. Ìdí ni pé ẹni tí a fi gbogbo ara rẹ̀ kí ni a kí. Àrokò tí ó fi ayé hàn láìsí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀ dà bí oríkì tí a ti yọ egungun kúrò nínú rẹ̀. Orin Johnson nìkan ni ó tú àṣírí náà fún ẹni tí ó bá ní etí: ayé tí a ti ń kùn báyẹn ní alẹ́ kì í ṣe ayé tí ara ti rọ gbogbo ènìyàn.

Mo dé ibi òṣùwọ̀n kẹta báyìí, èyí tí ó jẹ mọ́ orúkọ ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní òkè òkun fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo gbọ́ àwọn orin náà ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ilé-ìkàwé, ìwé tí ó ṣàlàyé wọn sì wà níwájú mi. Nígbà tí ìlù kẹta bẹ̀rẹ̀, ara mi dìde. Ó ṣe mí bí ẹni pé ohùn náà kò jìnnà sí ilé. Mo wo ìwé: Senegal ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo rọra padà jókòó. Èmi kò ní sọ fún yín pé mo mọ ibi tí ó ti wá. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gba ìwé gbọ́ ju etí mi lọ.

Ní ọdún 2017, nígbà tí ogójì ọdún pé tí àwo náà ti lọ, a tún un tẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn, a sì tún orúkọ orin náà kọ. Kì í ṣe Senegal ni ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ ni Cengunmé. Àwọn onílù Mahi ní Savalou ni wọ́n lù ú. Charles Duvelle, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó gba ohùn wọn sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, tí ó ń jẹ́ Benin lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ náà mọ̀ pé Savalou kò jìnnà sí Ìdáṣà, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá. Láti ibẹ̀ dé Dakar lé ní 2,000 kìlómítà. Bí ẹnì kan bá mú orin ará Spéìn, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ará Póláǹdì ni ó kọ ọ́, a kò ní pẹ́ kí a tó gbọ́ ariwo. Ogójì ọdún ni àwọn ènìyàn fi ka èyí sínú ìwé, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wọn.

Ẹ wo àgùàlà tí a pè ní ajá oṣù!

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwo tí ó wà lójú ọ̀run kò ṣe àṣìṣe kankan. Inú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa nílé ni a kọ "Senegal" sí. Ohun tí ó wà lójú ìlà àwo náà ni ìlù gan-an, bí ọwọ́ àwọn ará Savalou ṣe lù ú. Ẹ̀dá tí ó bá rí i lọ́jọ́ kan kò ní ṣi orin náà mọ̀, nítorí yóò gbọ́ ọ láìka ìwé. Àwa tí a wà nílé ni a ṣì í mọ̀. Àrokò náà pé lọ́hùn-ún. Níhìn-ín ni ó ti já.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Mahi kì í ṣe Yorùbá, kí ni tìrẹ nínú rẹ̀?" Òótọ́ ni pé wọn kì í ṣe Yorùbá, èdè wọn bá ti Fọn tan. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa ni wọ́n, ohun tí ó bá ojú ló sì bá imú. Ẹlòmíràn lè sọ pé iṣẹ́ náà tóbi, àkókò kò tó, àṣìṣe kan ṣoṣo kò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti yin iṣẹ́ náà, n kò sì kó ìyìn mi padà. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ lè sọ pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ láé. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀: yóò tó nǹkan bí 40,000 ọdún kí ọkọ̀ wọ̀nyí tó sún mọ́ ìràwọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwa ará ayé nìkan ni yóò gbọ́ àwo náà títí láé, a jẹ́ pé àwa gan-an ni a pàrokò náà sí, orúkọ tí a kọ sínú ìwé rẹ̀ sì di ohun tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò háídírójìn lọ.

Kí n má baà dà bí ẹni tí ń fi ìka kan tọ́ka sí ẹlòmíràn nígbà tí ìka yòókù kọjú sí i, n ó jẹ́wọ́ ohun kan. Nínú ìwé tí mo fi gba oyè, mo lo ohùn ìlù tí mo gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní ìlú kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní iṣu jẹ. Ó fi ìlù pe oríkì mi àti ti baba mi. Nígbà tí mo padà sí òkè òkun, mo kọ "onílù kan" sí abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó pe gbogbo orúkọ mi ni n kò kọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí; àwọn tí ó yẹ ìwé náà wò kò tilẹ̀ kíyè sí i. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Cengunmé ni ojú tì mí, nítorí mo rí i pé bí a bá ní kí èmi ni mo kó àwo wúrà náà jọ, n kò bá ṣe ju ohun tí wọ́n ṣe lọ. Bóyá n kò tilẹ̀ bá ti kọ orúkọ ilẹ̀ kankan.

Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ìlú àti abúlé ní àkókò ìsinmi. Ẹ kọ orúkọ onílù. Ẹ kọ orúkọ baba rẹ̀, orúkọ ìlù náà, orúkọ àdúgbò, ọjọ́ àti ọdún. Bí ó bá jẹ́ ìyáálé ilé ni ó sun rárà, ẹ má ṣe kọ "obìnrin kan." Ojú ọ̀run ń fẹ̀ sí i, àwọn tí ń ránṣẹ́ síbẹ̀ ń pọ̀ sí i, lọ́jọ́ kan a ó tún kó àwo mìíràn jọ. Ìwé tí ó bá wà nílẹ̀ ní ọjọ́ náà ni a ó kà, bí ó bá jẹ́ òótọ́, bí ó bá jẹ́ irọ́.

Voyager 1 ti lé ní bílíọ̀nù 24 kìlómítà sí ilé báyìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012 ni ó ti jáde kúrò ní ibi tí ẹ̀fúùfù oòrùn wa ń fẹ́ dé. Bí mo bá rántí rẹ̀ ní alẹ́, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni àlejò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò mọ̀. Àlejò tí a kọ́ nílé kì í já wọlé, yóò dúró, yóò ní, "Àgò onílé o!" Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn wà nínú ilé, wọn ó dáhùn pé, "Àgò yà." Ìlù Savalou wà lára àgò náà, ó ń ké e lọ láìdákẹ́. A kò mọ̀ bóyá onílé wà. Ṣùgbọ́n bí onílé bá wà, tí ó sì bèèrè pé, "Ìwọ ta nì yẹn?" ẹ jẹ́ kí a kéré tán mọ ìdáhùn níhìn-ín.